Àbúrò mi ọmọ ọdún 17 sáìn ìwé yá owó, ṣé ìwé yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀?

Abeke_Mokola
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Mọ́kọ́lá níbí n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 17 ni, oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀ ló máa pé 18. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, ó lọ yá ₦180,000 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó, àwọn tó máa ń rìn kiri ọjà tí wọ́n ń gbowó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ yẹn, ó fi ra maṣíìnì ìránṣọ. Ó ti san ₦42,000 nínú ẹ̀ kí iṣẹ́ tó dẹnu kọlẹ̀, kò wá rówó san mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn méjì wá dógò ti màmá wa. Àárọ̀ ni wọ́n dé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ibi tí màmá ti ń ta gàrí, ẹni tó bá ti dúró láti ra kóńgò kan, wọ́n á sọ fún un pé onígbèsè ló fẹ́ rajà lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn o, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó dìde. Wọ́n wá mú fọ́ọ̀mù tuntun jáde pé kí màmá sáìn ín pé òun ló máa máa san owó náà lọ, tí kò bá sáìn àwọn á fi ọlọ́pàá gbé ọmọ. Mo gba ìwé tí àbúrò mi sáìn wò, ọdún 19 ni wọ́n kọ síbi ọjọ́ orí. Ìbéèrè mi ni pé ṣé ọmọ ọdún 17 lè sáìn àgírímẹ́ǹtì owó kó sì mú un lábẹ́ òfin? Ṣé màmá wa ló máa wá san án ni? Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀.

Iya_Alajo_Oje
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, kí màmá yín má sáìn nǹkan kan o. Kó má tẹ̀ka, kó má tiẹ̀ gba báírò lọ́wọ́ wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba àjọ l'Ọ́jẹ̀, mo mọ ìṣe àwọn agbowó yìí, tí wọ́n bá ti rí i pé ìwé ọwọ́ àwọn ò dára, ìwé míì ni wọ́n máa ń wá gbà lọ́wọ́ ìyá. Tí ti ọmọ bá dá wọn lójú, kí ni wọ́n fẹ́ fi ti ìyá ṣe?

Abeke_Mokola
Ẹ ṣé gan-an mà. Kò tíì sáìn, ó sọ fún wọn pé ojú òun ò ríran dáadáa, kí wọ́n jẹ́ kí n dé.

Loya_Adugbo
Iṣẹ́ lọ́yà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ohun tí Màmá Alájọ sọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú. Ẹ jẹ́ n wá sọ bí òfin ṣe rí. Child's Rights Act tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, abala 18 ẹ̀ sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé ọmọ tí kò bá tíì pé 18, àdéhùn tó bá ṣe pé òun á san owó tí òun yá, tàbí owó ọjà tí wọ́n gbé fún òun, òtúbáńtẹ́ ni, àfi ti ohun kòṣeémánìí. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ló ti sọ ọ́ di òfin tiwọn, Ọ̀yọ́ wà ńbẹ̀, Èkó ṣe tiwọn ní 2007. Kí òfin yẹn tó dé rárá, òfin Gẹ̀ẹ́sì kan ti wà nílẹ̀ láti 1874, Infants Relief Act, ó wà lára àwọn òfin tí òyìnbó ti ní kí ọdún 1900 tó wọlé tí wọ́n sì fi lélẹ̀ fún wa, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ, àmọ́ lábẹ́ tiẹ̀, ọdún 21 ni wọ́n ń kà sí àgbà.

Ìtumọ̀ ẹ̀ fún yín ni pé tí wọ́n bá gbé àbúrò yín dé kọ́ọ̀tù, tí ẹ sì mú séètìfíkéètì ọjọ́ ìbí ẹ̀ dání, adájọ́ ò ní lè pàṣẹ pé kó san owó yẹn. Ní ti màmá, òbí kì í jẹ gbèsè ọmọ torí pé òun ló bí i, àfi tó bá jẹ́ pé màmá ló rán an lọ yá owó fún òun, tàbí tí òun náà bá tọwọ́ bọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ọwọ́ ẹ̀ lójú méjèèjì. Ẹ wá dá mi lóhùn: ta ló ṣe onídùúró fún un?

Bode_Dugbe
Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ẹ má bínú o, irọ́ tí ọmọ yẹn pa ńkọ́? 19 ló wà nínú ìwé. Ṣé ẹni tó parọ́ ọjọ́ orí gbowó ló tún máa jàre? Èmi náà ń tajà àwìn fún àwọn ọ̀dọ́, mo fẹ́ mọ̀.

Loya_Adugbo
Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé, wọ́n ti bi kọ́ọ̀tù ní ìbéèrè yẹn rí. Ní 1914 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ẹjọ́ Leslie àti Sheill, ọmọ kan parọ́ fún àwọn ayánilówó pé òun ti pé ọjọ́ orí, ó gba £200 lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́ọ̀tù ní irọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí òun bá ní kó san owó yẹn padà nítorí irọ́ tó pa, ńṣe ni òun gba ẹ̀yìnkùlé mú àdéhùn tí òfin ti sọ pé kò sí ṣẹ. Ká ní ohun èlò kan ló fi irọ́ gbà lọ́wọ́ wọn tó sì wà nílẹ̀, wọ́n lè ní kó dá a padà, owó tó ti ná ni wọn ò lè bi í. Ẹjọ́ yẹn làwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí níbí. Àmọ́ o, tí ọmọ bá lọ ṣe ayédèrú séètìfíkéètì tàbí NIN, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ gbèsè, ó ti di ọ̀ràn, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ta ló kọ 19 yẹn?

Abeke_Mokola
Ẹ̀gbọ́n, mo tún ìwé náà gbé sójú iná wò. Báírò búlúù ni wọ́n fi kọ gbogbo inú fọ́ọ̀mù, orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ orí, ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́ àbúrò mi torí mo mọ bó ṣe ń kọ̀wé, sáìn ẹ̀ nìkan ló wà ní báírò dúdú nísàlẹ̀. Ó ní ẹni tó wá bá òun ní ṣọ́ọ̀bù ló ń kọ ọ́ lọ, òun kàn ń dáhùn, wọn ò bi òun léèrè ọjọ́ orí, ìwé NIN òun ni wọ́n gbà. Ọjọ́ ìbí ẹ̀ sì hàn kedere lára NIN yẹn, wọ́n tún lẹ fótòkọ́pì ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù. Ọ̀gá tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ló ṣe onídùúró, wọ́n ti ń pe ọ̀gá náà lórí fóònù.

Iya_Alajo_Oje
Ẹ rí nǹkan! Wọ́n mọ̀ pé ọmọdé ni. Ẹni tó fẹ́ pé iye èèyàn tí ọ́fíìsì ní kó mú wá lóṣù ló kọ 19 yẹn.

Loya_Adugbo
Ẹ fi fóònù ya ojú ìwé yẹn àti fótòkọ́pì NIN tó wà lẹ́yìn ẹ̀, lónìí, kí wọ́n má baà wá gbà á lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ onídùúró ló wá kù, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń bẹ̀rù. Oríṣi ìwé onídùúró méjì ló wà. Tí ọ̀gá bá sáìn pé tí ọmọ ò bá san gbèsè ẹ̀ òun á san án, ó ní ohun tó lè sọ, torí gbèsè tí òfin ní kò sí, ẹnì kan ò lè dúró fún un. Ẹjọ́ kan wà bẹ́ẹ̀ ní 1947, báǹkì jẹ́ kí ọmọdé gbà ju iye tó ní lọ, kọ́ọ̀tù ní onídùúró ẹ̀ bọ́. Àmọ́ tí ìwé ọ̀gá bá sọ pé òun fúnra òun á san owó náà yálà ó mú ọmọ yẹn tàbí kò mú un, gbèsè ọ̀gá gan-an nìyẹn, ó dúró, wọ́n dá irú ẹ̀ ní 1961 lórí mọ́tò tí ọmọdé rà ní díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ lọ bá ọ̀gá, kí ẹ ka ojú ìwé tiẹ̀ láti òkè délẹ̀, kí ẹ da ohun tó sọ kọ síbí.

Baba_Agba_Saki
Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Ẹ má bínú sí arúgbó. Nígbà tiwa, ọmọkùnrin tó bá ti bàlágà, tó ti ń dá oko tiẹ̀, tó bá yáwó ó yáwó náà nìyẹn, ará ilé á sì bá a san án kí orúkọ ilé má baà bàjẹ́. Bàbá tó jẹ gbèsè á tiẹ̀ fi ọmọ ẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, ọmọ á máa ṣiṣẹ́ fún olówó títí gbèsè á fi tán, ìyẹn ò dáa, inú mi dùn pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí gbowó, ó fi ra maṣíìnì, maṣíìnì náà wà níbẹ̀. Ṣé a wá ń kọ́ ọ pé kó má san án ni?

Loya_Adugbo
Bàbá, ẹ ṣé sà. Ọ̀rọ̀ yín ní ìwúwo. Ti àṣà tí ẹ mẹ́nu bà yẹn, ó ti dé kọ́ọ̀tù rí ní 1924, ẹjọ́ Labinjoh àti Abake, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé 21 gba ọjà tà, ìbéèrè tó jáde ni pé ṣé òfin Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kí wọ́n fi dá a ni àbí òfin ìbílẹ̀ wa. Àmọ́ ti àbúrò Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ yìí, ilé iṣẹ́ ni, fọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀ ni, èlé wà nínú ẹ̀, mi ò rí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé òfin ìbílẹ̀ wọ ibẹ̀. Wọ́n sì tún lè sọ pé maṣíìnì jẹ́ kòṣeémánìí fún télọ̀. Ohun tí òfin ń pè bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ, aṣọ, ibùgbé, ìwòsàn, ẹ̀kọ́, àwọn ohun tó bá ipò ọmọ náà mu. Ohun èlò òwò kì í sábà wọ ibẹ̀, kọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ ọ́ fún ọmọ tó ra lọ́rì láti fi ṣe òwò akẹ́rù ní 1937.

Mi ò sọ pé kó má san án o sà. Òfin ò ní kí ẹni tó fẹ́ san má san, ohun tó sọ ni pé wọn ò lè fi tipá gbà á. Ẹ sì tún mọ̀ pé ₦42,000 tó ti san yẹn, tó ti ń lo maṣíìnì, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti lọ bèèrè ẹ̀ padà.

Alaga_Alajeseku_Ijebu
Èmi ni alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹ jẹ́ n sọ ti ẹ̀yìn tábìlì. A kì í kọ ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ tó bá nílò irinṣẹ́, àmọ́ orúkọ ọmọdé kì í wọ ìwé wa. Ìyá tàbí bàbá ló ń gba fọ́ọ̀mù, òun la ń yá lówó, tá a bá sì gbà, akápò wa á bá wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta maṣíìnì, á sanwó fún un níbẹ̀, rìsíìtì á jáde lórúkọ ìyá. Ọjọ́ ìbí la kọ́kọ́ ń wò lára NIN kí báírò tó kan bébà. Ẹni tó ń yáni lówó tí kò wo ọjọ́ ìbí, òun ló fi owó ara ẹ̀ ṣòfò, kò yẹ kó wá máa dójú ti ìyá níwájú oníbàárà.

Bode_Dugbe
Ọmọ tó ti pé 18 àmọ́ tí kò tíì pé 21 ńkọ́?

Loya_Adugbo
Lábẹ́ òfin 2003, 18 ni àgbà. Àwọn lọ́yà kan ṣì máa ń gbé 21 dìde torí òfin àtijọ́ yẹn, ó lè wọlé, ó lè má wọlé. Ẹni tó bá ti pé 18, kó máa sáìn ìwé bí ẹni tí ìwé máa mú.

Tunji_Peckham
Ìlú ọba ni mo wà. Níbí, wọ́n ti já 21 wá sí 18 láti 1970, wọ́n sì ti pa òfin 1874 yẹn rẹ́ níbí ní 1987, ó yà mí lẹ́nu pé ilé la ti ń lò ó. Tí ọmọdé bá yáwó níbí, wọn ò lè fi kọ́ọ̀tù gbà á, àmọ́ tó bá pé 18 tó wá sọ pé òun fara mọ́ ọn, ó ti mú un nìyẹn. Ẹni tó bá sì ń kọ lẹ́tà sí ọmọ tí kò pé 18 pé kó wá yáwó torí èrè, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ó yẹ kírú ẹ̀ wà nílé.

Loya_Adugbo
Bọ̀ọ̀dá Túnjí, ẹ ṣé tí ẹ mú ìyẹn wá torí níbí kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 18 yẹn kan náà ló sọ pé tí ọmọ bá dàgbà tán tó wá ṣèlérí pé òun á san owó tí òun yá ní kékeré, ìlérí yẹn gan-an òtúbáńtẹ́ ni.

Sade_Houston
L'Amẹ́ríkà níbí, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń ka 18 sí àgbà, Mississippi ṣì wà ní 21. Ọmọdé lè jáwọ́ nínú àdéhùn owó tó ṣe, àmọ́ ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń wọ yunifásítì ní 17, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, òfin yọ ọ́ sọ́tọ̀, kò sẹ́ni tó lè padà wá sọ pé ọmọdé lòun nígbà tí òun sáìn. Ẹ jókòó tì wọ́n kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Mama_Twins_Akure
Ẹ bá mi fèsì ti áàpù. Ọmọ mi ọdún 16 fi fóònù mi àti BVN mi yáwó lórí áàpù, wọ́n ti ń fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn inú fóònù mi pé olè ni mí.

Loya_Adugbo
Màmá, tiyín yàtọ̀, torí orúkọ yín ló wà ńbẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ yá a. Lónìí, ẹ kọ̀wé sí áàpù náà àti báǹkì yín pé ẹ̀yin kọ́ lẹ gbà á, ẹ sọ ọjọ́ àti iye tó wọlé, ẹ má ná nǹkan kan nínú owó tó bá ṣẹ́ kù. Ti mẹ́sẹ́ẹ̀jì sí àwọn èèyàn, bóyá ẹ jẹ ẹ́ o bóyá ẹ ò jẹ ẹ́ o, kò tọ́. Ẹ ya gbogbo ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, àwọn ló ń forúkọ áàpù ayánilówó sílẹ̀ láti 2022, ẹ fi ránṣẹ́ sí àjọ tó ń rí sí òfin dátà 2023 náà.

Abeke_Mokola
Mo ti rí ìwé ọ̀gá. Ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé òun á san gbogbo owó náà bí ẹni pé òun gan-an lòun yá a, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ sí àgírímẹ́ǹtì ẹni tó gbowó. Ọ̀gá ò ka ìyẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ṣí i síbi tó máa sáìn. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tí mo kà á sí i létí.

Loya_Adugbo
Ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn. Ọmọ bọ́, ìyá bọ́, ọ̀gá lè máà bọ́. Ẹ wá ṣe báyìí. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú kan lórúkọ màmá: ọmọ yìí, ọjọ́ tí wọ́n bí i nìyí, ọdún 17 ni lọ́jọ́ tó sáìn fọ́ọ̀mù yín, NIN tó gbé ọjọ́ ìbí ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà, àdéhùn yẹn ò mú un lábẹ́ òfin, ẹ má wá síbi tí mo ti ń tajà mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n sáìn ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Tí wọ́n bá tún dárúkọ ọlọ́pàá, Police Act 2020, abala 32, ló ní ọlọ́pàá ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tí kò mú ṣẹ nìkan. Tí wọ́n bá kọ̀ tí wọ́n mú un, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún èèyàn ní lọ́yà, ní ọ́fíìsì n'Íbàdàn níbí, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là kalẹ̀.

Kí ọ̀gá lọ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Ilé iṣẹ́ tó kọ 19 sórí fọ́ọ̀mù ọmọ tí NIN ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀ kò ní fẹ́ kí adájọ́ rí fọ́ọ̀mù yẹn.

Baba_Agba_Saki
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ náà má jẹ́ kí ọ̀gá ẹ̀ nìkan ru ẹrù yìí.

Abeke_Mokola
Wọ́n wá lónìí. Mo fún wọn ní lẹ́tà, ọ̀kan kà á, ó jáde lọ pe ọ́fíìsì, nígbà tó wọlé kò dárúkọ ọlọ́pàá mọ́, ó sáìn ẹ̀dà wa. Wọ́n wá gbé bébà lásán fún àbúrò mi pé kó kọ ọ́ pé òun á san án tí òun bá pé 18, ó kọ̀. Ọ̀gá àti bọ̀ọ̀dá ìyàwó ẹ̀ bá wọn lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n gbà pé àwọn á yọ èlé kúrò, kí ọ̀gá san ₦138,000 tó kù nínú owó gan-an láàárín oṣù mẹ́fà. Àbúrò mi ló ní òun á máa dá a fún ọ̀gá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ò fi ipá mú un. Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, kí ló kù tó yẹ ká wò?

Loya_Adugbo
Àdéhùn tuntun yẹn, kí ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ₦138,000 yìí ni òpin ọ̀rọ̀, kò sí èlé, kò sí owó ìtanràn, kí wọ́n sì dá ojú ìwé onídùúró padà fún ọ̀gá lọ́jọ́ tó bá san tán. Orúkọ ọ̀gá ni kí rìsíìtì máa gbé. Ohun kan ṣì wà o, oṣù kẹta. Bí ọmọ yẹn bá ti pé 18, wọ́n lè wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù pé àwọn fẹ́ yá a ní owó tuntun, ₦300,000, kó fi pa ti àtijọ́ rẹ́ kó sì ná ìyókù. Owó tuntun tó bá gbà lọ́wọ́ ara ẹ̀ nígbà yẹn máa mú un, kò sí abala kankan tó máa gbà á sílẹ̀.

Iya_Alajo_Oje
Àbẹ̀kẹ́, mú un wá l'Ọ́jẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kó máa dá ₦1,000 lójúmọ́ lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta èmi fúnra mi á gbé e fún ọ̀gá, màmá yín á sì wà níbẹ̀.